Ọdún Kan IT Lẹ́yìn ND: Bí O Ṣe Lè Lò Ó Dáadáa ní Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé géètì ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣe IT mi, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́, ní Àgbárá, bàtà kóó-kóó ni mo wọ̀. Mo lọ aṣọ, mo há fáìlì sí abíyá bí ẹni tó ń lọ sí báńkì. Bàbá sìkọ́ríítì wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ibí kì í ṣe òde ìgbéyàwó o. Lọ wá bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀." Orí bẹ́ǹṣì géètì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ mi parí sí. Kí oṣù méjìlá tó pé, èmi náà ni wọ́n ń pè lóru pé kí n wá wo ìdí tí ẹ̀rọ tó ń dé ìgò fi dá dúró. Ohun tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní polí, tàbí tó kù díẹ̀ kó o parí.

Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mo kọ́, ilé-iṣẹ́ ohun mímu ni mo sì lọ. Bí tìrẹ bá jẹ́ ìṣirò owó tàbí ìmọ̀ oúnjẹ, ìwọ náà á mọ ibi tó yẹ kó o ti yí i padà.

Kọ́kọ́ mọ irú IT tó ò ń lọ ṣe

IT méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni SIWES, oṣù mẹ́rin tí ọmọ polí máa ń ṣe láàárín ND kìíní sí ìkejì. Àwọn ọmọ yunifásítì ń ṣe tiwọn fún oṣù mẹ́fà. ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ló bẹ̀rẹ̀ SIWES ní 1973, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde nílé-ìwé mọ ìwé, ọwọ́ wọn ò mọ iṣẹ́. Èkejì ni mò ń sọ níbí: ọdún kan gbáko lẹ́yìn ND kó o tó lè wọlé fún HND, ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀ lé ND ní polí. Òfin NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn polí, ni. Bí èsì rẹ bá jẹ́ Upper Credit tàbí Lower Credit, ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ Pass, ọdún méjì ni wọ́n máa béèrè.

Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ ìyàtọ̀ yìí. Bàbá mi bi mí pé ṣé mi ò ti ṣe IT lọ́dún tó kọjá ni, àbí mo fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ ni mi ò fẹ́ sọ. Tètè ṣàlàyé fún àwọn ará ilé, torí àwọn ni wọ́n máa gbé owó ọkọ̀ oṣù àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́.

Bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè kí ìdánwò tó parí

Má dúró de èsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó gbẹ̀yìn, lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó IT nílé-ìwé rẹ, gba lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ilé-iṣẹ́, kó o sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ tó pọ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó kó o kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe kọ kìkì àwọn tó o ń rí nínú ìpolówó ọjà. Ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara rẹ ni pé, níbo ni ẹ̀rọ wọn wà? Ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí olú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ olórúkọ ńlá ní Erékùṣù Èkó. Ilé aláwògiri, afẹ́fẹ́ tútù, gbogbo wa ń jowú rẹ̀. Ohun tó fi ọdún kan ṣe ni pé ó ń pààrọ̀ gílóòbù, ó sì ń tẹ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe láago. Bí iṣẹ́ ọwọ́ lo fẹ́ kọ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà gan-an ni kó o lọ: Àgbárá, Ọ̀tà, Ìkẹjà, ọ̀nà Ṣàgámù, Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn.

Ọ̀nà méjì ni kó o gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń gba ìwé ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, nígbà kan pàtó nínú ọdún. Lọ máa yẹ ìkànnì wọn wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù, géètì ni. Bí o bá fi lẹ́tà sílẹ̀, béèrè ẹni tó ń gba lẹ́tà IT nínú HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́), kọ ọjọ́ tó o fi í sílẹ̀, kó o sì padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo pín. Méjì ló fèsì. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ọ̀gá kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì bá mi gbé wọlé, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n àdúgbò yín bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lọ kí i.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o mú owó wá kó tó bá ọ wá àyè, ì báà pè é ní owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ẹ̀kọ́ ìṣáájú, jìbìtì ni. Yẹra fún un.

Nínú lẹ́tà tí ìwọ fúnra rẹ máa kọ, gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹlòmíì ò lè dà kọ. Gbogbo èèyàn ń kọ pé òṣìṣẹ́ kára ni àwọn, pé àwọn tètè máa ń mọ nǹkan. HR ti ka ìyẹn títí ojú wọn ti bó. Èmi kọ ọ́ pé: "Nígbà SIWES mi, mo bá wọn fa wáyà ilé oníyàrá mẹ́ta, láti ibi mítà títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, èmi ni mo sì so bọ́ọ̀dù fíúsì rẹ̀." Ọ̀gá tó gbà mí sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé bọ́ọ̀dù fíúsì yẹn ló mú òun pè mí. Kọ ọjọ́ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó o máa parí pẹ̀lú, kí oṣù méjìlá pé géérégé.

Ṣírò owó ọkọ̀ kó o tó gbà

Ayọ̀ lè di èèyàn lójú níbí. Mú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan, sọ ọ́ di ìlọ́po 22. Bí ó bá jẹ́ ₦2,400 lójúmọ́, ₦52,800 lóṣù nìyẹn, o ò tíì jẹun. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ₦40,000 ni àwọn máa máa fún ọ, ìwọ lò ń sanwó fún wọn kó o lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ HR kó o tó fọwọ́ síwèé: Ṣé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń gbé ọmọ IT, níbo ló sì ń dúró? Ṣé ọmọ IT ń jẹun ní ilé oúnjẹ wọn? Èló ni wọ́n ń fúnni lóṣù? Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n béèrè.

Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ní Òkókómaikò ni mo kọ́kọ́ ń gbé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú pópó Badagry tí mo ń bá pàdé lójoojúmọ́ kì í ṣe kékeré: mò ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀, mò ń sùn lórí ìjókòó dánfó, mo sì ń dé ibiṣẹ́ pẹ̀lú ìlàágùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, èmi àti ọmọbìnrin méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pawọ́ pọ̀ gba yàrá kan ní Lùsádà. Owó ilé tí mo dá kò tó owó ọkọ̀ tí mo ń san tẹ́lẹ̀. Ká ní mo ti mọ̀ ni, oṣù àkọ́kọ́ ni mi ò bá ti kó lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: bò ara rẹ, kó o sì mọ ẹni tó yẹ kó o kí

Wọ́n á fún ọ ní bàtà onírin, akoto, aṣọ tó ń dán, nǹkan ìdíletí. Wọ̀ wọ́n, kódà bí o bá rí ògbólógbòó tí kò wọ̀ ọ́. Òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, fi gbogbo wọn sílé. Irun rẹ, tàbí hìjáàbù rẹ, kó o wọnú aṣọ, kí ẹ̀rọ tó ń yí má bàa fà á.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ jù lọ́sẹ̀ náà ni àgádágodo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ, yóò pa iná ẹ̀rọ náà, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti ojú ibi tí wọ́n ti ń tan iná, yóò sì fi káàdì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ kọ́ ọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nídìí ẹ̀rọ, àgádágodo mẹ́ta ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ, àpò rẹ ló ń gbé. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú mú ọ wọnú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé o ti fi tìrẹ sí i, ì báà jẹ́ ọ̀gá. Bí wọ́n bá sì ní kó o ṣe nǹkan tó ò mọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ṣe é rí, ẹ fi hàn mí" tó. Bí ohunkóhun bá gé ọ lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó, lọ sí yàrá ìtọ́jú wọn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìkíni, wọ́n á sọ fún yín lọ́jọ́ ìfimọ̀nà pé níbí, orúkọ ni a fi ń pe ara wa, kò sí sà kò sí mà. Pẹ̀lú àwọn mánẹ́jà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ IT kan tí a jọ wọlé gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì pe bàbá tó ń bójú tó bọ́ílà ní orúkọ wọn gan-an ní àárọ̀ kùtù. Bàbá náà dá a lóhùn, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kó rí inú bọ́ílà. Ẹ̀gbọ́n, Bàbá, Àǹtí, "ẹ kú iṣẹ́ o" ní gbogbo ibi tó o bá gbà kọjá: àwọn tó ń di irinṣẹ́ mú ló ni ìmọ̀ tó o wá gbà, kò sì sí ìwé kankan tó fi dandan lé e pé kí wọ́n fún ọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń rán ọ níṣẹ́ ṣáá

Oṣù kan sí méjì àkọ́kọ́, wàá ṣe fọ́tòkọ́pì, wàá ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, wàá gbé ìwé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Inú á máa bí ọ. Má kọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n má sì jẹ́ kó di orúkọ rẹ. Ohun tí mo ṣe nìyí. Bí wọ́n bá rán mi sí ilé ìkóhun-èlò pé kí n lọ gba bearing (irin tó ń jẹ́ kí ara ẹ̀rọ yí wẹ́rẹ́) wá, mi ò kàn ní gbé e wá. Mo máa da nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ sínú ìwé àpò mi, mo máa bi ẹni tó rán mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ fi sí? Ṣé mo lè wá wò ó?" Tí o bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á lé ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbà fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, èmi ni mo mọ inú ilé ìkóhun-èlò jù nínú ẹ̀ka wa, àwọn ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi dání kí n lè bá wọn wá nǹkan kíákíá.

Lẹ́yìn náà, bẹ ọ̀gá rẹ pé kó fi ọ́ sínú ṣíìfù. Tiwa jẹ́ mẹ́ta: aago mẹ́fà àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá sí mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀sán kún fún ọ̀gá, àlejò àti ìpàdé. Ìdí ẹ̀rọ ni ọmọ IT ti máa ń wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Lóru, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló lè wà fún iná ní gbogbo gbọ̀ngàn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní ká a. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa sọ pé, "Wá bá mi di eléyìí mú." Fún ẹ̀yin obìnrin, àti ọkùnrin náà: bí kò bá sí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gbé yín wá kí ilẹ̀ tó ṣú jù, ẹ má gba ṣíìfù òru. Iṣẹ́ kankan ò tó bẹ́ẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, bí aago méjì, conveyor tó ń gbé ìgò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì dúró. Motor 5.5 kW ló ń wà á. Mo ṣí pánẹ́ẹ̀lì, mo rí i pé overload relay, ohun tó ń gé iná bí èyí tí motor ń fà bá pọ̀ jù, ti já. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún já. Inú mi dùn pé mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: mo mú screwdriver, mo fẹ́ yí ojú relay náà sókè kó má tètè já mọ́. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ajá tó ń gbó olè lo fẹ́ dì lẹ́nu?" Wọ́n gbé clamp meter, ohun tí a fi ń wọn iná tó ń gba inú wáyà kọjá, fún mi. Ẹsẹ̀ iná (phase) kìíní, 17 A. Ìkejì, 17 A. Ìkẹta, òdo. Ohun tí wọ́n kọ sára motor ni 11 A. "Kí ló dé?" Mo ní ẹsẹ̀ iná kan ò dé ọ̀dọ̀ motor, àwọn méjì tó kù ló ń ru ẹrù rẹ̀. "Ó dáa. Tọ ipasẹ̀ rẹ̀." Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú contactor, ohun tó ń so iná mọ́ motor tó sì ń já a, méjì péré ló jáde. A pa iná, àgádágodo méjì, a tú contactor náà: ojú kan nínú rẹ̀ ti jó dúdú bí èpo iṣu sísun. Èmi ni mo so wáyà mọ́ contactor tuntun, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì tàn án fún mi. Ká ní mo yí relay yẹn sókè ni, motor náà ì bá jó kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ mi ni wọn ì bá sì fi sí i.

Logbook: kọ ọ́ lójoojúmọ́, kọ nọ́ńbà

Àwọn ilé-ìwé kan ń fún yín ní logbook, ìwé tí ẹ máa ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, fún ọdún kan yìí, àwọn kan ò fún yín. Bí tiyín ò bá fún yín, ra ìwé ẹlẹ́yìn líle. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ síbẹ̀ nìyí: "Mo bá wọn tún conveyor ṣe." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwọ fúnra rẹ ò ní mọ conveyor wo ni. Ohun tí mo kọ ní òru yẹn rí báyìí:

"Conveyor ibi lébẹ́ẹ̀lì, motor 5.5 kW, ìwọ̀n ara rẹ̀ 11 A. Overload já lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀n: 17, 17, 0. Iná mẹ́ta wọ contactor, méjì jáde. Ojú kẹta jó. A ti í pa, a pààrọ̀ contactor. Ìwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀: 9.8, 10, 9.9. Ìṣẹ́jú 25. Àṣìṣe mi: mo fẹ́ yí overload sókè."

Ya àwòrán rẹ̀ sí ojú ìwé kejì. Àṣìṣe rẹ gan-an ni kó o máa kọ, torí òun lo ò ní gbàgbé. Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Má ṣe kó oṣù mẹ́fà lọ bá wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè ti kúrò níbẹ̀. Má sì fi fóònù ya ẹ̀rọ wọn. Ọmọ IT kan gbé fídíò ìdí ẹ̀rọ sórí WhatsApp rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gba káàdì ọwọ́ rẹ̀. Péńsù àti rúlà ò ṣẹ òfin kankan.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ obìnrin

Àwọn kan á ní kó o sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, pé obìnrin kì í gun òkè. Gùn ún, kí ọ̀kan nínú wọn di àkàbà mú. Bí ọ̀gá kan bá ń pè ọ́ sí ibi tí kò kan iṣẹ́, tàbí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lóru, pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́, má pa á rẹ́, kó o sì lọ bá obìnrin àgbà kan ní HR. Mú ẹlòmíì dání tó o bá ń lọ.

Láti oṣù kẹjọ IT rẹ, máa wo ọ̀nà HND

Fọ́ọ̀mù HND lè jáde nígbà tó o ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, o lè má tiẹ̀ gbọ́. Máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nílé-ìwé. Owó rẹ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ nísinsìnyí. Ẹ̀ka wa ń dá àjọ. Mo ní kí wọ́n fi mí sí ìkẹwàá, kí owó náà bọ́ sí ìgbà tí mo máa san owó ìgbàwọlé. Àwọn kan gba tiwọn lóṣù kejì, wọ́n fi ra fóònù.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn

Má kàn dá bàtà padà kó o sì dágbére. Gba lẹ́tà ìparí IT lórí ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sí lókè (letterhead), kó ní òǹtẹ̀, kó ní orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí ND rẹ, lẹ́tà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí lójú wọn níbẹ̀. Ti èmi, wọ́n kọ oṣù mọ́kànlá, torí ọjọ́ tí káàdì mi jáde ni HR kà, kì í ṣe ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ logbook: mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo fi ìfọwọ́sí ọ̀gá mi hàn wọ́n, wọ́n tún un tẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Gba ẹ̀dà méjì tí òǹtẹ̀ wà lára wọn, ya fọ́tò wọn, fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ara rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ kí gbogbo ṣíìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti òru náà, kó o sì gba nọ́ńbà fóònù wọn. Mo ra àkàrà àti ògì tútù lọ fún wọn láago márùn-ún àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó di ọwọ́ mi mú lóru yẹn gba kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mi, wọ́n tú káàdì tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, wọ́n fún mi ní káàdì náà.